Áńdù Ọ̀kadà Tí Wọ́n Ń Pààrọ̀ ní Kàbbà: Ìrọ̀rùn Kì í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀, Àbùjá Ni Ewu

Ohun tó ń dun ọlọ́kadà kì í sábà hàn sí èrò tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Èrò yóò san owó, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò bá tirẹ̀ lọ. Ọlọ́kadà ni yóò tún gbé ẹlòmíràn, láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́. Nígbà tó bá fi máa wọlé, ọrùn-ọwọ́ ti kú, ẹ̀yìn ń ro ó, èjìká sì ti le bí igi. Ní Kàbbà àti káàkiri ilẹ̀ Okun, àwọn kan nínú wọn ti wá ọgbọ́n dá sí i. Irin ìdarí tí wọ́n ń fọwọ́ méjèèjì mú, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní áńdù, ni wọ́n ń yọ, tí wọ́n sì ń fi èyí tó ga tàbí tó fẹ̀ jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, kí ara lè tù wọ́n.

Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní afẹ́ ọ̀dọ́ ni, pé bí ọmọkùnrin bá ti ra ọ̀kadà, kò ní sinmi títí yóò fi sọ ọ́ di ohun àrà. Wọn kò rò ó jinlẹ̀. Àgbẹ̀ kì í lo ọkọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá a mu, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Ohun tó tọ́ sí àgbẹ̀, kí ló dé tí kò ní tọ́ sí ẹni tó ń jókòó sórí irin láti àárọ̀ dalẹ́? Ilẹ̀ Íńdíà ni Bajaj Boxer àti TVS ti wá, àwọn tó sì ṣe wọ́n kò wọn èjìká ẹnikẹ́ni ní Kàbbà. Ẹni gíga àti ẹni kúkurú, áńdù kan náà ni wọ́n bá lórí rẹ̀.

Bí áńdù bá jìnnà sí awakọ̀, tàbí tó bá rẹlẹ̀ jù fún un, yóò tẹ̀ síwájú. Ìwúwo òkè ara rẹ̀ yóò bọ́ sórí ọrùn-ọwọ́ méjèèjì, gbogbo kòtò tí táyà bá já sí, ọrùn-ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí áńdù bá sì bá ara mu, ẹ̀yìn yóò nà, ìgbọ̀nwọ́ yóò tẹ̀ díẹ̀, ọrùn-ọwọ́ yóò sì wà ní títọ́. Ara tí kò ro ènìyàn a máa jẹ́ kí ọwọ́ tètè dé bíréèkì. Nítorí náà, ìrọ̀rùn ọlọ́kadà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ààbò èrò wà nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ Okun kì í sì í ṣe ibi tí ènìyàn ti lè fi ọ̀rọ̀ alùpùpù ṣeré. Lẹ́yìn tí ètò ọrọ̀ ajé SAP dé ní 1986, tí iṣẹ́ wọ́n, tí ọkọ̀ tuntun sì di ohun tí apá mẹ̀kúnnù kò ká mọ́, ni alùpùpù akérò túbọ̀ gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air pè é. Ní Kàbbà, òun ló ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ síléèwé, tó ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn, tó sì ń gbé iṣu àti kaṣú láti oko wá sọ́jà. Ilé-iṣẹ́ Dangote ti fi kọnkéré ṣe ọ̀nà Ọ̀bájánà sí Kàbbà, ṣùgbọ́n kọnkéré kò dé ọ̀nà oko. Nínú ẹrẹ̀ àti òkúta ọ̀nà abúlé nígbà òjò, áńdù tó fẹ̀ díẹ̀ a máa ran ọwọ́ lọ́wọ́ láti yí táyà kúrò nínú kòtò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú ni ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà ṣe é. Owó ni wọ́n fi ń ra áńdù tuntun, nítorí náà wọ́n á gbé ti àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ ajórin, kí ó fi iná tẹ̀ ẹ́, tàbí kí ó gé e, kí ó sì jó irin mìíràn mọ́ ọn. Irin tí iná bá ti gbà bẹ́ẹ̀ kì í lágbára bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o ni ó ti lè sán lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá já sí kòtò, ẹni tí áńdù bá sì kán mọ́ lọ́wọ́ lórí eré kò ní ohun tí yóò dì mú.

Ewu kejì fara pamọ́. Wáyà bíréèkì iwájú, wáyà kílọ́ọ̀ṣì àti wáyà tí wọ́n fi ń fún ọkọ̀ níná, gígùn áńdù tí ọkọ̀ bá wá ni wọ́n wọ̀n wọ́n mọ́. Bí áńdù bá ga sí i tí wáyà kò gùn sí i, yóò le tantan. Lọ́jọ́ tí ọlọ́kadà bá yí áńdù dópin láti ṣẹ́ kọ́nà, wáyà lè fa ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò pariwo, ọkọ̀ yóò sì fò síwájú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un níná. Àwọn ènìyàn lè sọ pé ọwọ́ ayé ni. Wáyà kúkurú ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí èrò kì í fẹ́ gbọ́. Ẹni méjì ni ìjókòó alùpùpù wà fún, awakọ̀ àti èrò kan. Bí èrò méjì bá gùn ún pẹ̀lú ẹrù, wọn yóò ti ọlọ́kadà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí tánkì. Níbẹ̀, kò sí áńdù tó lè bá a mu mọ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní òun fẹ́ pààrọ̀ áńdù, kì í ṣe ẹ̀yìn tó ń ro ó ló ń tọ́jú. Ààyè ló ń wá fún èrò kejì. Èrò tó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àwọn pọ̀, kí owó lè dín, lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti pààlà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òfin pé áńdù kò gbọdọ̀ ga ju èjìká awakọ̀ lọ. Ní Íńdíà tí ọ̀kadà wọ̀nyí ti ń wá, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní oṣù kìíní 2019 pé ẹni tó ni ọkọ̀ kò gbọdọ̀ yí i padà débi tí kò fi ní bá ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é là sílẹ̀ mu mọ́.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Ní oṣù kìíní 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú àwọn ọlọ́kadà dé akoto, àwọn kan gbé igbá àti ike ọ̀dà borí. Ẹ̀rù òfin bà wọ́n, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò yé wọn. Bí ìjọba bá kàn jí lọ́jọ́ kan, tó fòfin de gbogbo áńdù tí wọ́n pààrọ̀, owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ojú ọ̀nà nìkan ni yóò pọ̀ sí i. Ohun tó yẹ ni kí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà, àwọn mẹkáníìkì, àwọn ajórin àti FRSC jókòó pọ̀ ní Kàbbà, kí wọ́n fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jó áńdù mọ́. Kí ẹgbẹ́ ra áńdù tó dára àti wáyà tó gùn tó lópọ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń dá àjọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó náwó rárá, sípánà kan lè ti tó. Bí wọ́n bá tú bọ́ọ̀tù tó di áńdù mú díẹ̀, wọ́n lè yí i sún mọ́ ara, kí wọ́n tún ibi ìfà bíréèkì ṣe kí ìka lè dé e, kí wọ́n sì dì í padà gírígírí. Bí ìyẹn kò bá tó, kí wọ́n ra odidi áńdù, kì í ṣe àjópọ̀. Kí ọkọ̀ tó kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì láìkó o sí jíà, kí wọ́n yí áńdù sọ́tùn-ún dópin, kí wọ́n sì yí i sósì dópin. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, iṣẹ́ kò tíì parí. Àyẹ̀wò yìí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Orúkọ Okun tí Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọrọ̀ ń jẹ́ pa pọ̀, inú ìkíni wọn ló ti wá. Kí ìkíni náà má ṣe parí sórí ahọ́n. Ẹni tó bá kí ọlọ́kadà láàárọ̀, kó má ṣe di ẹni kẹta lórí ọ̀kadà rẹ̀ lálẹ́. Kí ọlọ́kadà náà sì rántí pé ẹ̀mí méjì ni áńdù kan ń darí.