Ta Ni Yóò Máa Nu Ẹ̀rọ Náà?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbà mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Kétu, bí n kò bá sì sọ ọ́ síta, inú mi á bẹ́. Alága ló ń ka ìnáwó fún wa. Ó ní kátíríìjì tí àwọn ọlọ́dẹ wa ń lò ti wọ́n ju ẹran lọ. Ni ọ̀gbẹ́ni kan bá dìde, ó fa fóònù yọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Texas, ní Amẹ́ríkà, ló fi fídíò ránṣẹ́. Ẹ̀rọ aláwọ̀ búlúù kan dúró lórí tábìlì, ọmọ náà ń fa ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, ó ń tì í padà sókè, gbogbo ìgbà tó bá sì ti fà á, ọta tuntun kan á já bọ́ sínú abọ́. Kò! Kò! Kò! Ó ní láàárín wákàtí kan, ọmọ náà ń ṣe ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀. Ilé pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí á dáwó ra ọ̀kan, kí á máa ṣa èèpo kátíríìjì tí a ti yìn jọ, kí á máa tún wọn kì.

Mo dìde, mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni yóò máa nu ẹ̀rọ náà? Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Bàbá kan tilẹ̀ ní, “Akọ̀ròyìn, o tún ti dé.” Mo jókòó. Ṣùgbọ́n kò sí alága tó lè ní kí n jókòó nínú ìwé yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi níbí.

Mo ti lọ wádìí, kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé mo ń bú ohun tí n kò mọ̀. Oríṣi ẹ̀rọ méjì ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń kì ọta nílé. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. O ó yọ bọ́tìnnì tó ti jó nídìí èèpo, o ó fi tuntun sí i, o ó wọn ẹ̀tù sínú rẹ̀, o ó yọjú wò ó, kí o tó fi ọta dí i lẹ́nu. Ó lọ́ra bí ìgbín. Èkejì ni irú ti ọmọ Texas. Awo róbótó kan ló ń yí nínú rẹ̀, èèpo bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún tò yí awo náà ká. Bí o bá fa ọwọ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn ló ń gba iṣẹ́ tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà: bọ́tìnnì ń jáde nídìí ọ̀kan, ẹ̀tù ń wọ inú òmíràn, ẹnu òmíràn ń dé. Dillon ti ìpínlẹ̀ Arizona lókìkí fún irú rẹ̀. MEC ti Wisconsin sì ń ṣe èyí tó wà fún kátíríìjì ìbọn ọdẹ. Àwọn tí ń fi ìbọn díje ló yẹ fún jù, àwọn tí ń yìn ín ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ́sẹ̀.

Àwọn ọlọ́dẹ tiwa ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo gbọ́ ìbọn wọn. Ẹ̀ẹ̀kan, olè ni wọ́n fi lé. Ẹ̀ẹ̀mejì tó kù, òru ọdún tuntun ni. Họ́wù! Ẹ̀rọ tó ń bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ní wákàtí kan, fún ìbọn tó ń ké lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún! Níbo ni ìyókù yóò gbà? Ẹ rántí oṣù Kẹta ọdún 2016, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Mile 12, tí ẹ̀mí ṣòfò, tí ìjọba fi ti ọjà pa. Ẹni tó rí ọjọ́ náà, ṣé yóò fẹ́ kí páálí ọta kún yàrá akọ̀wé ẹgbẹ́ kan?

Òfin tilẹ̀ wà níbẹ̀. Òfin ìbọn ọdún 1959 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa ṣe ọta, àfi ní ilé ìhámọ́ra ìjọba. DICON, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1964, ló ń ṣe é fún àwọn ọmọ ogun. Nígbà tí mo sọ èyí, ọ̀gbẹ́ni wa ní ta ló máa rí wa. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí á gbé ọlọ́pàá tì ná, kí á sọ̀rọ̀ ẹ̀tù.

Bí ẹ̀rọ yìí bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀tù díẹ̀díẹ̀ á máa ta sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gbá a kúrò, á wọ abẹ́ awo, awo náà kò sì ní yí dé ibi tó yẹ. Ẹni tó ń fà á á rò pé ó ti yí, á tún fà á. Èèpo kan lè gba ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì báyìí, kí òmíràn má gbà rárá. Èyí tó gba méjì lè fọ́ ọ̀pá ìbọn mọ́ ẹni tó yìn ín lọ́wọ́. Èyí tí kò gbà ló wá jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ gan-an: iná bọ́tìnnì nìkan lè ti ọta dé àárín ọ̀pá, kí ó há síbẹ̀. Ọlọ́dẹ á rò pé kò yìn ni, á ki òmíràn bọ̀ ọ́, á tún yìn ín. Lọ́hùn-ún, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í gbé fóònù nídìí rẹ̀, kì í kó ẹ̀tù oríṣi méjì sórí tábìlì, abẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ rekete ló sì ti ń yọjú wo inú èèpo. Ní Kétu wa yìí, bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí ọwọ́ ẹ̀rọ ṣì wà nílẹ̀, tí iná tún dé, ta ni yóò mọ èyí tó ti gba ẹ̀tù?

Àbúrò bàbá mi jẹ́ ọdẹ. Òun kò ní ẹ̀rọ. Ìṣó àti òòlù ló fi ń tún kátíríìjì kì, ojú ló sì fi ń wọn ẹ̀tù. Ó ṣe é fún ọdún púpọ̀, nǹkan kan kò ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n pè é wá jẹun nígbà tó ń wọn ẹ̀tù lọ́wọ́. Ó jẹun tán, ó padà sídìí iṣẹ́. Nígbà tó yìn ín nínú oko lọ́jọ́ kejì, ìka méjì ló fò lọ ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Ẹni tó ń pa ìgalà di ẹni tí wọ́n ń bá bó iṣu. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Èmi, láti ọjọ́ náà, ìdí ìbọn ni mo ń bẹ̀rù.

Wọ́n á ní a ó máa tọ́jú ẹ̀rọ náà. Àwa wo? Ẹ lọ wo ìyá tó ń lọ ata ní Mile 12. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, á tú ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀, á fọ̀ ọ́, á fọwọ́ pa irin inú rẹ̀ bóyá ó ti kú. Kò sí ẹni tó ń rán an létí, nítorí òun ló ni ín, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Tiwa ni ti gbogbo wa. A dáwó ra jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa fa omi kànga, ẹnì kan kò yí ọ́ìlì rẹ̀ padà, ẹ́ńjìnnì nọ́kì kí oṣù méje tó pé. Abẹ́ rẹ̀ ni adìẹ akọ̀wé ń yé sí báyìí. Ẹ̀yin wọ̀nyí kan náà ni ẹ ó máa gbá ẹ̀tù?

Ìjọba tó ní ṣọ́jà pàápàá, ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kínní ọdún 2002, iná ràn mọ́ ibi tí wọ́n kó ọta àti bọ́ǹbù àtijọ́ sí ní bárékè Ìkẹjà. Ní Kétu níhìn-ín, ṣe ni fèrèsé ń gbọ̀n. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì rì sínú kánáàlì Òkè-Àfà níbi tí wọ́n ti ń sá àsálà nínú òkùnkùn. A kò tíì sọ ti ọ̀rinrin o, àwa tí Odò Ògùn máa ń wá kí títí dé Agílítì.

Ẹ má ṣe rò pé n kò mọ olè. Wọ́n ti fi àdá já ilẹ̀kùn mi, ìyàwó mi kò sì tíì lè sùn láìtan iná láti ìgbà náà. Mo fẹ́ ọlọ́dẹ ju ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́ lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí á ra kátíríìjì tí ilé iṣẹ́ ti dì wá, ìwọ̀nba páálí kan, lọ́wọ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ. Kí á ra tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ àti fèrè. Kí á san owó oṣù méjì tí a jẹ Bàbá Ọlọ́dẹ àti ẹnìkejì rẹ̀, nítorí nígbà tí a ń wo fídíò Texas lọ́jọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ni bàbá náà jókòó sí, tó ń dúró de alága.

Ìpàdé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ dìbò. Mo ti sọ fún akọ̀wé kí ó kọ orúkọ mi sílẹ̀ pé n kò dá sí i, kọ́bọ̀ mi kan kò sì ní bá owó ẹ̀rọ náà lọ.