Owó Kòkó àti Ojú Ayé

Ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án ni ìkórè kòkó máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù yìí kan náà ni Ọ̀wọ̀ ń ṣe ọdún Igogo. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìnáwó òkú àgbà, ìgbéyàwó àti ìṣílé yóò máa tẹ̀lé ara wọn títí di Kérésìmesì. Bí owó ti ń wọlé ni òde ń pè.

Ìwà kan wà tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Bàbá tí ó yọwó kóńgò gàrí kan títí ní oṣù Kẹfà ni yóò gba aṣọ ẹbí mẹ́ta ní oṣù Kọkànlá láìwí nǹkan kan. Kí ni ó fà á? Owó kan náà ni. Ọkàn wa ni ó pín in sí méjì. Owó tí ó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ ni a kà sí owó oúnjẹ. Èyí tí ó dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a kà á sí owó fàájì. Richard Thaler, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017, fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ aráyé rí. Kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan. Ti wa tún ní ìtìjú nínú: ẹ̀rù ohun tí ará àdúgbò yóò wí máa ń bà wá ju ẹ̀rù gbèsè lọ.

Ṣùgbọ́n kòkó kò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2024, iye tọ́ọ̀nù kan kọjá 12,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé; kí 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Ẹni tí ó fi ọdún olówó díwọ̀n ìnáwó rẹ̀ ni yóò máa ta kòkó tí kò tíì pọ́n ní owó pọ́ọ́kú, nítorí àtisan owó ilé-ìwé ọmọ.

A kò ní kí a pa ọdún wa rẹ́. Igogo fúnra rẹ̀ ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́: nígbà ọdún náà, èèwọ̀ ni kí obìnrin wé gèlè tàbí kí ọkùnrin dé fìlà, síbẹ̀ iyì ọdún náà kò dín. Iyì kò sí nínú ohun tí a rà sórí.

Nítorí náà, kí kòkó tó dé orí ìwọ̀n, kí tọkọtaya jókòó, kí wọ́n yọ owó ilé-ìwé, owó oògùn oko àti oúnjẹ oṣù Kẹfà sọ́tọ̀, kí wọ́n sì kó o sí àjọ tàbí báńkì ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ fi aṣọ ẹbí mọ sí ẹyọ kan, kí ojú má baà ti ẹni tí kò ní. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún.