Kẹ́ ẹ tó sanwó aṣọ ẹbí yẹn, ẹ gbé e sínú oòrùn ná!

Ọ̀pọ̀ ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ lórí aṣọ ẹbí l'Agége àti Ìkẹjà, kì í ṣe olè ló dá a sílẹ̀, iná ni. Obìnrin á gbé léèsì rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ gèlè, méjèèjì á bára mu rẹ́gí lábẹ́ iná funfun tó wà lókè. Nígbà tí Sátidé bá pé, tí wọ́n jáde sínú oòrùn, gèlè á wá dà bíi pé ó ń bá léèsì jà. Wàhálà dé nìyẹn o! Ọlọ́jà á ní òun ò pààrọ̀ ọjà fẹ́nì kankan, oníbàárà á ní wọ́n lu òun ní jìbìtì. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ó ṣeé ṣe kó má sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ohun tó fà á nìyí. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tẹ́ ẹ rò pé funfun lásán ni, àdàlù ni. Òyìnbó ará England kan, Isaac Newton, fi gíláàsì onígun mẹ́ta là á sí wẹ́wẹ́, ó sì gbé ìwádìí ọ̀hún jáde lọ́dún 1672. Ohun kan náà ni ẹ̀kán omi òjò ń ṣe tí òṣùmàrè fi ń yọ.

Ìmọ́lẹ̀ ń rìn bí ìgbì omi ọ̀sà ni, ìgbì kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe gùn tó. Tí ẹ bá pín mìlímítà kan ṣoṣo sọ́nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní nánómítà. Nínú èyí tójú lè rí, ìgbì tó kúrú jù, bíi 400 nánómítà, ni elésè àlùkò. Èyí tó gùn jù, bíi 700, ni pupa. Àwọ̀ ewé wà láàárín, ní bíi 530.

Aṣọ pupa máa ń gbé ìgbì kúkúrú mì, á wá da èyí tó gùn padà sójú yín. Tí iná tó tàn sí i kò bá ní ìgbì gígùn nínú, kí ló fẹ́ dá padà? Dúdú ló máa dà lójú yín.

Ojú náà ní tiẹ̀ ńbẹ̀. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré ló ń mọ àwọ̀ nínú ẹ̀: ọ̀kan fún ìgbì gígùn, ọ̀kan fún kúkúrú, ọ̀kan fún ti àárín. Nítorí náà, aró tí wọ́n fi pa léèsì lè yàtọ̀ pátápátá sí ti gèlè, kójú sì rí wọn bí ọ̀kan náà lábẹ́ iná kan. Tí iná bá yí padà, àṣírí á tú. Tílẹ̀ bá sì ṣú biribiri, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dákẹ́. Òru ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, kò sì mọ àwọ̀.

Àwọn tó ń fi àwọ̀ jẹun mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà Ọba Akran n'Ìkẹjà ni Berger Paints wà, iléeṣẹ́ ọ̀dà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1959. Nídìí iṣẹ́ ọ̀dà àti iṣẹ́ aṣọ káàkiri àgbáyé, inú àpótí tó ní oríṣiríṣi iná ni wọ́n ti ń fi àwọ̀ wéra. Iná kan ibẹ̀ ń ṣe bí ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, D65 ni wọ́n ń pè é. Òmíràn ń ṣe bí gílóòbù inú ilé, òmíràn bí iná ṣọ́ọ̀bù. Àfi tí àwọ̀ méjèèjì bá bára mu lábẹ́ gbogbo wọn ni wọ́n tó gbà.

Owó aṣọ ṣì kéré o. Nínú àwọn ilé àtijọ́, wáyà pupa ló ń gbé iná, dúdú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ iná tó bá ń fi iná bàìbàì ṣiṣẹ́ lóru lè fi pupa pe dúdú, ẹ̀mí sì lè bá a lọ. Kó gbé tọ́ọ̀ṣì gidi dání, kó sì fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó ń kun ilẹ̀kùn mọ́tò, kó dúró dojúmọ́ kó tó da ọ̀dà pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra aṣọ, ẹ bẹ ọlọ́jà kẹ́ ẹ jọ gbé e síta. Èyí tó bá kọ̀, ẹ ká owó yín padà sápò.