OWÓ ÌWÁDÌÍ TI ÀWỌN YUNIFÁSÍTÌ WA

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 ni òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Kò sí ẹni tí kò sọ tirẹ̀ lórí òfin yìí: oníṣòwò ń sọ ti ọjà, òṣìṣẹ́ ń sọ ti owó oṣù, àwọn gómìnà sì ń sọ ti ìpín ìpínlẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú òfin náà tí ariwo rẹ̀ kò tó bí ó ti yẹ kí ó tó. Òun ni apá tí ó kan owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àwọn yunifásítì láti fi ṣe ìwádìí, láti fi ra ohun èlò ìkọ́ni, àti láti fi rán àwọn olùkọ́ wọn lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí. A bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí pé owó tí à ń wí yìí, owó yín ni.

Kí ó lè yé tọmọdé tàgbà, ẹ jẹ́ kí a mú un láti ìpìlẹ̀. Ní ọdún 1992, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, tí à ń pè ní ASUU, da iṣẹ́ sílẹ̀. Nínú àdéhùn tí ìjọba bá wọn ṣe ní ọdún náà ni òfin owó-orí ẹ̀kọ́ ti jáde ní ọdún 1993. Òfin náà pàṣẹ pé kí gbogbo kọ́ńpìnnì tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà máa mú náírà 2 wá nínú gbogbo 100 náírà èrè tí a ń bu owó-orí lé. Ìjọba ológun ni ó ṣe òfin náà. Àwa kì í yin ìjọba ológun, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá dára, ó dára. Ní ọdún 2011, àwọn aṣòfin tún un ṣe. Wọ́n yọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì dá àjọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí TETFund sílẹ̀, kí ó máa pín owó náà fún àwọn yunifásítì, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ àwọn olùkọ́, àní àwọn tí ó jẹ́ ti ìjọba. Bí yunifásítì bá gba ìpín 2, gbogboǹṣe a gba 1, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ a sì gba 1. Òfin ọdún 2021 sọ náírà 2 yẹn di náírà 2 àti 50 kọ́bọ̀. Ti ọdún 2023 sọ ọ́ di náírà 3.

Ẹ kíyè sí i pé owó yìí kì í ṣe àánú tí ẹnikẹ́ni ṣe fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Ìyá tí ó ra ọṣẹ àti mílíìkì ní ọjà Ìbàdàn, awakọ̀ tí ó ra táyà ní Kaduna, ọmọ wa tí ó ń fi fóònù pe bàbá rẹ̀ láti Kano: nínú èrè tí àwọn kọ́ńpìnnì jẹ lórí wọn ni a ti ń yọ ọ́. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ yunifásítì kò kan òun, ì báà má tilẹ̀ mọ ojú ọ̀nà ibi tí yunifásítì wà.

Ní ìparí ọdún 2024 ni ewu dé. Nínú àbá òfin tí ìjọba àpapọ̀ gbé síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n fẹ́ kí ìpín TETFund dópin pátápátá bí ó bá di ọdún 2030, kí owó náà sì bọ́ sọ́dọ̀ àjọ tí ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó, èyí tí à ń pè ní NELFUND. ASUU kígbe, àwọn mìíràn tí ó ní àròjinlẹ̀ sì kígbe pẹ̀lú wọn. Igi gànganràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé àwọn aṣòfin gbọ́. Nígbà tí ààrẹ fọwọ́ sí òfin náà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, a rí i pé wọn kò pa TETFund.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tí ó kù. Òfin tuntun náà kó oríṣiríṣi owó tí àwọn kọ́ńpìnnì ń san pọ̀ di ọ̀kan, ó pè é ní owó ìdàgbàsókè, náírà 4 nínú 100 náírà èrè. TETFund ni yóò gba ìdajì rẹ̀. Bí kọ́ńpìnnì kan bá jẹ èrè 100 mílíọ̀nù náírà tí ó yẹ láti bu owó-orí lé, lábẹ́ òfin ọdún 2023, mílíọ̀nù 3 ni ìbá san fún ẹ̀kọ́ gíga. Lábẹ́ ti ìsinsìnyí, yóò san mílíọ̀nù 4, mílíọ̀nù 2 yóò lọ sọ́dọ̀ TETFund, 600,000 yóò lọ sọ́dọ̀ NELFUND, ìyókù yóò sì lọ sí ti kọ̀ǹpútà, ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti ààbò ìlú àti irú bẹ́ẹ̀. Kí ni èyí túmọ̀ sí? Òun ni pé ìpín tí ó kan ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì bẹ́ẹ̀ ti padà sí náírà 2 tí ó wà ní ọdún 1993. Àwọn tí wọ́n ń jó nítorí pé TETFund kò kú kò tíì wo ara òkú-ò-kú náà dáadáa.

A kò bá NELFUND jà o. Láti ìgbà tí a ti tún òfin rẹ̀ ṣe ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ó ti ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ tálákà láìgba èlé, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà títí ọdún 2 yóò fi kọjá lẹ́yìn tí ó bá sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n gbèsè ni gbèsè ń jẹ́. Owó tí a yá ọmọ kan láti fi wọ kíláàsì kò lè ra ẹ̀rọ ìyẹ̀wò sínú kíláàsì náà, kò sì lè gbọ́ bùkátà ìwádìí ọlọ́dún mẹ́ta lórí àrùn ẹ̀gẹ́. Bí a bá yá ọmọ lówó kí ó lè wọ ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò, kí ni ọmọ náà yóò bá níbẹ̀?

Àwọn kan yóò bèèrè pé kí ni àǹfààní ìwádìí fún ẹni tí ebi ń pa. Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, ẹ̀yin ni ó yẹ kí ẹ dáhùn. Nígbà tí àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú ń run oko ní ilẹ̀ Gold Coast, tí ó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, èrè kòkó ni a bù láti fi gbé ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà dúró ní Tafo ní ọdún 1944. Ẹ̀ka rẹ̀ tí ó wà ní Ìbàdàn ni ó di ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà ní ọdún 1964, òun náà ni ó sì wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ títí di òní. Owó àgbẹ̀ ni a fi wá oògùn àrùn oko àgbẹ̀.

Ẹ̀wà tí à ń fi ṣe àkàrà ńkọ́? Kòkòrò kan wà tí ń jẹ òdòdó àti èso ẹ̀wà nínú oko, tí àgbẹ̀ a máa fín oògùn lé lórí léraléra kí ó tó rí nǹkan kó. Àwọn onímọ̀ ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Samaru, Zaria, ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún ọdún pípẹ́, títí wọ́n fi mú irú ẹ̀wà kan jáde tí kòkòrò náà kò lè bà jẹ́, ìjọba sì fọwọ́ sí i fún àgbẹ̀ ní ọdún 2019. Àwọn kan ń ṣe àríyànjiyàn lórí irú irúgbìn bẹ́ẹ̀, àyè rẹ̀ kò sí níhìn-ín. Ohun tí ó kàn wá ni pé USAID, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó náwó sí iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn àjọ náà. Wọn kò bi wá léèrè kí wọ́n tó tì í, kò sì sí ìdí tí wọn ìbá fi bi wá. Aṣọ àyálò kì í yẹ ọmọ ènìyàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ẹdẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí a rí aláìsàn kòrónà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ibùdó ìwádìí tí ó wà ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò àrùn náà, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbé ibùdó náà dúró? Ètò Báńkì Àgbáyé ti ọdún 2014 wà lára rẹ̀, ètò tí ó yan ibùdó 19 ní Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, tí 10 nínú wọn sì jẹ́ ti Nàìjíríà. Owó àyálò ni Báńkì Àgbáyé sì fi ṣe é, àwọn ọmọ wa ni yóò san án. Yunifásítì aládàáni ni ti Ẹdẹ, nítorí náà òfin TETFund kò kàn án. Bóyá ó yẹ kí òfin náà yí padà ní ti ìwádìí nìkan, a ó sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn.

Ní ọdún 2007, ní Addis Ababa, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà fohùn ṣọ̀kan pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ná náírà 1, ó kéré tán, nínú 100 náírà ọrọ̀ tí ó ń mú jáde lọ́dún sórí ìwádìí. Nàìjíríà kò tíì débẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kò dùn tó láti sọ fún àwọn yunifásítì fúnra wọn. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ni TETFund ti kéde pé owó wà nílẹ̀ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan kò wá gbà. Bí a ti ń gbà á kò ṣòro láti yé. Àjọ náà a kọ́kọ́ sọ iye tí ó kan ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ilé-ẹ̀kọ́ a kọ ìwé ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, a san apá kan, ìgbà tí wọ́n bá sì rí ìṣirò bí a ti ná apá kan yìí ni wọn a tó san ìyókù. Ibi ìṣirò yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ní ti ìwádìí, ọ̀nà méjì ni ó wà. Ọ̀kan wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, níbi tí ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń yẹ ìwé àwọn olùkọ́ wò. Èkejì ni owó ìwádìí ti gbogbo orílẹ̀-èdè, tí àwọn onímọ̀ káàkiri Nàìjíríà ń du, ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀ka ìmọ̀ ènìyàn àti àwùjọ, àti ẹ̀ka tí ó da méjèèjì pọ̀. Ẹni tí yóò gbà á yóò kọ ìwé àbá kúkúrú, bí wọ́n bá mú un, yóò kọ èyí tí ó kún, yóò sì wá gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn àgbà nínú ìmọ̀.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ olùkọ́ kékeré ní ìlú kékeré bí a ti ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ní yunifásítì ńlá, òṣìṣẹ́ wà fún un, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ti gbà rí wà nítòsí. Ní èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, olùkọ́ ọ̀hún lè gbọ́ ìkéde nígbà tí ọjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Gíwá tí ó bá ní ọkọ̀ tuntun mẹ́ta, tí kò sì ní ẹnì kan ṣoṣo tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ lórí owó ìwádìí, kí ìgbìmọ̀ alákòóso rẹ̀ pè é kí wọ́n bi í léèrè. Bákan náà ni àwọn olùkọ́ tí a fi owó yìí rán lọ sí òkè òkun, tí wọ́n kàwé tán tí wọn kò padà wálé. A mọ̀ pé owó oṣù ilé kò tó nǹkan, a sì ti sọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn yìí nígbà gbogbo. Síbẹ̀, àdéhùn ni wọ́n fọwọ́ sí, owó ìyá ọlọ́ṣẹ ni wọ́n ná.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé owó tí ó bá jókòó sílẹ̀ ni ó máa ń wọ ojú ìjọba tí ń wá owó. Àbá ọdún 2024 lè padà wá ní ọdún mìíràn, ẹni tí yóò sì gbé e wá kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá àwíjàre. Yóò ní, ‘Ẹ wò ó, a fún wọn, wọn kò gbà á.’

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ní ilé àti ní Sábó, ní Jos àti ní Èkó, ẹ ní aṣòfin tí ẹ dìbò fún ní Àbújá. Nígbà tí ó bá wá sí agbègbè yín, ẹ má bèèrè àpò ìrẹsì nìkan. Ẹ bi í bóyá yóò dìbò kí ìpín TETFund padà sí náírà 3 tí ó wà ní ọdún 2023. Ẹ bi í ìdí tí a kò fi máa tẹ orúkọ gbogbo àwọn tí ó gba owó ìwádìí jáde lọ́dọọdún, pẹ̀lú iye tí olúkúlùkù gbà àti ohun tí ìwádìí rẹ̀ mú jáde, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní Yorùbá, ní Haúsá àti ní Ígbò, kí àgbẹ̀ tí owó rẹ̀ wà níbẹ̀ lè kà á. Ẹ bi í iye owó tí ó wà nílẹ̀ fún yunifásítì tí ó wà ní ìpínlẹ̀ yín, àti oṣù tí gíwá ibẹ̀ kọ̀wé gbẹ̀yìn láti gbà á. Kí ó tó wọ ọkọ̀ ni kí ẹ gba èsì.