Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó fún Ojú

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú tí àbọ̀ náà ń lọ gbọ́dọ̀ ti ní ìyókù. Bí ìyá bá ṣẹ́jú sí ọmọ níwájú àlejò, ọmọ á gbọ́, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ nílé. Ta ló kọ́ wa nípa glaucoma nílé?

Àrùn ojú yìí kì í sábà dunni. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi inú ẹyinjú ni kò rí ọ̀nà jáde dáadáa, tó wá ń ni iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ lára. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀: èèyàn ṣì ń ka Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ lápá kan mọ́. Nínú ìwádìí ojú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàrin 2005 sí 2007, cataract, ìyẹn kí dígí inú ẹyinjú di bàìbàì, nìkan ló ju glaucoma lọ nínú ohun tó ń fọ́jú àwọn tó ti pé ọdún 40. Nínú 100 èèyàn tó ní glaucoma nínú ìwádìí náà, ó lé ní 90 tí kò mọ̀.

Iṣẹ́ abẹ lè dá ìríran tí cataract bò padà. Èyí tí glaucoma bá mú lọ, ó lọ nìyẹn. Ibẹ̀ ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ ti ń ṣọṣẹ́. Dókítà á ní: "Bàbá, ẹ máa kán oògùn yìí sójú lálaalẹ́." Bàbá ń kán an, ojú ò mọ́lẹ̀ sí i, oògùn sì wọ́n. Wọ́n pa á tì. Àgbà olóye ni wọ́n. Ta ni yóò máa náwó lé oògùn tí kò rí iṣẹ́ rẹ̀? Iná tí dókítà tàn sínú ẹyinjú ti fi àrùn han dókítà, kò tíì fi han bàbá.

Odindi ọ̀rọ̀ náà kò gùn: "Bàbá, oògùn yìí kò ní jẹ́ kí ẹ ríran ju báyìí lọ. Èyí tó kù ló ń bá yín ṣọ́, ẹ ò sì gbọdọ̀ dá a dúró fúnra yín. Àrùn náà máa ń rìn nínú ẹbí. Ẹ ní kí àwọn àbúrò àti ọmọ yín wá yẹ ojú wò."

Mo mọ̀ pé èrò máa ń pọ̀ nílé ìwòsàn ojú. Síbẹ̀, lójú tèmi, àlàyé yìí wà lára oògùn. Kí wọ́n pe ọmọ tó sin bàbá wá wọlé, kí bàbá sì fi ẹnu ara wọn tún un sọ kí wọ́n tó dìde. Bí dókítà bá sì yára jù, ẹ̀yin ọmọ, ẹ bèèrè: kí ni oògùn yìí ń ṣe, títí di ìgbà wo, ta ló tún yẹ kó wá nínú ilé wa?