Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe náà kò purọ́, ṣùgbọ́n àfojúbà pàápàá ní àrùn tirẹ̀: ohun tí ojú bá ń rí lójoojúmọ́, kì í pẹ́ tí ojú fi ń fò ó. Bí èéfín bá ń nípọn díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ló máa ń gbẹ́yìn mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí iṣẹ́ fún ayàwòrán tó ń fi ọ̀dà ya ilẹ̀, igi àti omi láyé tí ojú ọjọ́ ń dàrú yìí. N kò ní kó máa fi ọ̀dà wàásù. Kó máa padà sí ojú kan náà ni, kó sì ya ohun tó bá níbẹ̀ láìyọ nǹkan kan kúrò.

Láàárín 1899 sí 1901, Claude Monet, ayàwòrán ará Faransé, ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì Savoy létí odò Thames. Láti ibẹ̀ ló ti ń ya afárá Waterloo àti ti Charing Cross ní àyàtúnyà. Afárá kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú àwòrán wọ̀nyí: òjìji aláwọ̀ aró kan, oòrùn bí epo pupa tó dà sómi, ìyókù di kùrukùru. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ o. Èéfín èédú wà nínú kùrukùru yẹn. Ní 2023, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Anna Lea Albright àti Peter Huybers, gbé ìwádìí jáde lórí àwòrán 60 tí Turner, ayàwòrán ará Gẹ̀ẹ́sì, yà àti 38 tí Monet yà. Wọ́n rí i pé bí èéfín ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìlà àwọn nǹkan inú àwòrán ń ṣe bàìbàì, tí àwọ̀ wọn sì ń funfun sí i.

Ẹnìkan lè ní ojú Monet ló ń dùn ún. Ojú dùn ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n 1912 ni dókítà tó sọ fún un pé nǹkan funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀. Ó ti kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù tipẹ́. Àtakò tó le jùyẹn ni pé ilé rẹ̀ ní Giverny, ní Faransé, ló ti parí púpọ̀ nínú àwòrán Lọ́ńdọ̀nù wọ̀nyí. Mo gbà. Síbẹ̀, ẹlẹ́rìí tó lọ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ tò nílé, tí ọ̀rọ̀ náà ṣì bá àkọsílẹ̀ èéfín mu, a kò lè dà á nù.

Kámẹ́rà ńkọ́? Kámẹ́rà mú ìṣẹ́jú kan, ó sì dára fún ọjọ́ tí omíyalé dé. Ṣùgbọ́n ìbàjẹ́ tó ń yọ́ rìn ń fẹ́ ẹni tó máa jókòó tì í. Ká má sì tan ara wa: àwòrán kọ́ ló lé èéfín kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Kùrukùru olóró oṣù Kejìlá 1952 pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kí òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ tó dé ní 1956. Ẹ̀rí ni iṣẹ́ àwòrán. Ìdájọ́ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àwọn kan ní ẹwà máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo Makoko l'Ékòó, tí ayàwòrán Abíọ́dún Olaku àti àwọn mìíràn ti fi ọ̀sà rẹ̀ dárà. Ẹni tó bá ń gba afárá Third Mainland kọjá mọ ohun tó wà níbẹ̀: ilé pákó lórí òpó, ọkọ̀ ojú omi, èéfín ẹja yíyan, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó léfòó. Ní oṣù Keje 2012, ìjọba wó lára àwọn ilé náà. Síbẹ̀, àwòrán wà lórí àtẹ tó fi oòrùn àti ọkọ̀ sílẹ̀, tó ṣa gbogbo ọ̀rá kúrò. Irọ́ ni, mo kọ̀ ọ́. Ẹwà kọ́ ni mo ń bá jà: Monet fẹ́ràn kùrukùru rẹ̀ dé góńgó, ìdí nìyẹn tó fi yà á, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́rìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àwòrán, ẹ má ní kí wọ́n pa ọ̀rá rẹ́ kó lè bá àga pálọ̀ yín mu. Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ yà á sẹ́yìn kánfáàsì, kí ẹ sì padà lọ yà á lọ́dún tó ń bọ̀.