Ìbọn Tó Ń Yin Oògùn Sára

Bí ọmọ bá ti rí nọ́ọ̀sì tó mú abẹ́rẹ́ dání, ẹkún dé nìyẹn. Àgbà náà wà tó jẹ́ pé ibà ló gbé e dé ọsibítù, tí abẹ́rẹ́ sì fẹ́ lé e padà sílé. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wá ọ̀nà tí oògùn yóò gbà wọ ara láìlo irin ṣóńṣó.

Àwọn àgbà kan ní Nàìjíríà ti rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n gbógun ti ìgbóná ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ní 1967, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbé ẹ̀rọ kan wá tó dà bí ìbọn, Ped-O-Jet. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, oògùn olómi á sì fi agbára wọ inú awọ apá. Kò nílò iná mànàmáná, ó sì lè tó ẹgbẹ̀rún èèyàn ní wákàtí kan bí èrò bá tò dáadáa. Oṣù Karùn-ún 1970 ni ìgbóná kásẹ̀ nílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà níbí ni wọ́n sì ti rí i kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń kan apá gbogbo èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò lè rí lè ta sí i lára, kó sì bá ẹni tó kàn lọ. Ní California, láàárín 1984 sí 1985, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kó àrùn mẹ́dọ̀wú B ran àwọn tó kàn fẹ́ fọn níwọ̀nba. Àwọn ológun Amẹ́ríkà pa tiwọn tì ní 1997. Ti òde òní, ẹnu rẹ̀ ṣeé sọ nù lẹ́yìn ẹnì kan; òun ni wọ́n fi fún àwọn ará Íńdíà ní àjẹsára kòrónà ZyCoV-D tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2021.

Ní Oxford, Brian Bellhouse àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: oògùn gbígbẹ. Wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè, wọ́n fi gáàsì hílíọ̀mù tì í jáde lójijì. Eré tí lẹ́búlẹ́bú náà ń sá yá ju ti ohùn lọ, ìyẹn ló jẹ́ kó lè wọ awọ. Ó ń dún bí fèrè ọmọdé tó bẹ́.

Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan, Zingo, ní 2007, fún ọmọ ọdún 3 sí 18. Oògùn tó ń pa ara kú ló wà nínú rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta, ojú ibẹ̀ ti kú. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó tún ojú awọ ṣe sílẹ̀ de abẹ́rẹ́ tí wọn yóò fi gba ẹ̀jẹ̀! Oògùn díẹ̀ ni awọ lè gbà báyìí, kò lè gba èyí tó pọ̀.

Fún ìkókó tó fẹ́ gba àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ yìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ìyá máa fún un lọ́yàn bí wọ́n bá ń gún un. Ó ń dín ìrora náà kù.